Bí A Ti Ń Wọn Ìdúró àti Ìgbésẹ̀ Ẹni Tí Àrùn Rọpárọsẹ̀ Kọlù

Ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ni í tún dìde, tí í sì rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn rìn nínú yàrá, ọ̀tọ̀ ni kí ó sọdá gọ́tà tàbí kí ó wọ ọkọ̀ dáńfó ní Gowon Estate, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́. Ìṣubú kan lè dá egungun ìbàdí, kí ó sì dá aláìsàn padà sórí ẹní. Nítorí pé ojú lásán kì í ṣe òṣùwọ̀n, àwọn oníṣègùn tí í fi eré ìdárayá tọ́jú ara, irú àwọn tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ láti ọdún 1966, ní ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ìdúró àti ìgbésẹ̀.

Èkíní ni èyí tí Katherine Berg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ilẹ̀ Kánádà ní ọdún 1989. Iṣẹ́ 14 ni ó wà nínú rẹ̀: dídìde lórí àga, dídijú dúró, bíbẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Máàkì 4 ni ó pọ̀ jù lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 56. Ẹni tí kò bá gba tó 45 ni a sábà máa ń ṣọ́ gidigidi.

Èkejì, tí ó jáde ní ọdún 1996, ni gbígbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kan. Gíga àpótí náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7.5, bí ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́rin tí a tò pọ̀. Aláìsàn yóò gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kan lé e, yóò sì gbé e padà sílẹ̀, láì di nǹkan mú. A ó ka iye ìgbà tí ó ṣe é ní ìṣẹ́jú-àáyá 15. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kejì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹsẹ̀ tí ń lọ sókè nìkan ni a ń wò. Nígbà tí ẹsẹ̀ tí ó le bá lọ sókè, ẹsẹ̀ tí kò lágbára ni ó ru gbogbo ara. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ bí agbára rẹ̀ ti tó.

Kí àwọn ará ilé má ṣe dá ìdánwò wọ̀nyí ṣe, nítorí oníṣègùn ní láti dúró ti aláìsàn kí ó má baà ṣubú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ní ilé-ìwòsàn ìjọba, bí irú èyí tí ó wà ní Ìgàndò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ sì padà lọ nígbà tí wọ́n bá dá fún yín. Bí a bá fi iye àkọ́kọ́ wé ti ẹ̀yìn, a ó mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́, àti bóyá ó tó àkókò láti fi ọ̀pá ìtilẹ̀ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.