Ilé Gogoro Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Téṣàn: Níbo Ni Wọ́n Fi Ìsọ̀ Wa Sí?

 

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan kò wá. Òótọ́ ni, ọjà lápapọ̀ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tá a jókòó ti igbá mọ̀ dáadáa: bí oníbàárà mẹ́wàá péré bá kó kúrò ládùúgbò, ìsọ̀ ẹni á mọ̀ ọ́n lára kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìdí rèé tí a fi mú ọ̀rọ̀ kan wá sójú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn ní Yábà, ní Ẹ̀búté-Mẹ́tà, ní Ọ̀yìngbò àti láwọn ibòmíì tí rélùwéè tuntun gbà kọjá l'Ékòó. Ṣé ó dára kí wọ́n máa kọ́ ilé fúláàtì alájà mẹ́rin, alájà mẹ́fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn, àbí kò dára?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mẹ́nu ba rélùwéè fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rélùwéè ìgboro ti pẹ́ l'Ékòó. Alhaji Lateef Jákàńdè gbé e dìde nígbà tó jẹ́ gómìnà, ìjọba ológun sì fagi lé e ní 1985. Ó di 4 September 2023 kí Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Màrínà dé Mile 2. Red Line ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ní 29 February 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 15 October ọdún náà. Kìlómítà 27 ni, téṣàn rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mùṣín, Yábà, Ọ̀yìngbò. Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn kà. Èwo nínú wọn ni kò ní ọjà? Ibi tí èrò bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọjà máa ń wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń kọ́lé tà ti ń wá ilẹ̀.

Ilẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe igbó. Ilé bàbá àti bàbá-ńlá ẹni ló wà lórí rẹ̀, ilé yàrá-kọjú-sí-yàrá tí gbogbo wa mọ̀ sí face-me-I-face-you, balùwẹ̀ kan lẹ́yìnkùlé fún gbogbo ayálégbé. Níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ ó ti rí alákàrà, ẹ ó rí télọ̀, ẹ ó rí ẹni tó ń lọ ata, ẹ ó rí ìyá tó ń ta ìrẹsì ní kóńgò. Ìdílé tó nilé kò rówó tún un ṣe mọ́, òrùlé ti ń jò. Ẹnì kan á wá bá wọn pé kí wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, òun á wó ti àtijọ́, òun á kọ́ fúláàtì, kí àwọn jọ pín in: kí ìdílé mú mélòó kan, kí òun ta ìyókù. Ìgbà tí ilé tuntun bá fi máa dúró tán, ògiri gàgàrà àti géètì ló kọjú sí títì. Ibi tí alákàrà ń jókòó sí ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín ara wa, ẹnu kì í kò. Àwọn kan á ní kí wọ́n máa kọ́ ọ lọ. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń gbé ní Ìfọ̀ àti Ọ̀ta, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, òru ni wọ́n ń wọlé. Bí ilé bá pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ téṣàn, wọ́n á rí ibi sùn nítòsí. Wọ́n á tún ní níbi tí ìdílé mẹ́fà ń gbé tẹ́lẹ̀, bí ìdílé ogún bá débẹ̀, ẹnu ogún ni yóò máa jẹun. Ta ni yóò tà á fún wọn bí kò ṣe àwa? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn kan nínú wa lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n. Opó tí bàbá rẹ̀ fi ilé jíjó sílẹ̀ fún, tó ń gba owó yàrá táńtán lọ́wọ́ ayálégbé, ẹ má bínú sí i bó bá fẹ́ kí fúláàtì méjì bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Àwọn tó kù á ní irọ́ ni. Ẹni tó bá lè san owó fúláàtì náà, súpámákẹ́ẹ̀tì ni yóò máa wa mọ́tò lọ. Owó ilé gbogbo àdúgbò á fò sókè, ayálégbé tó ń ra ẹ̀wà kóńgò kan lọ́wọ́ wa á kó lọ sí Ṣàngó, àwa náà á sì tẹ̀ lé e nígbà tí owó ṣọ́ọ̀bù bá dé. Gọ́tà tí kò gba omi ojò ilé kékeré, báwo ló ṣe fẹ́ gba ti alájà mẹ́fà? Ẹ̀rù ilé wíwó náà ń bẹ. Ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó lulẹ̀ ní 1 November 2021, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ilé kan tún wó ní Ẹ̀búté-Mẹ́tà níbí ní 1 May 2022, ẹ̀mí tún ṣòfò. Ìyá tó pàtẹ sábẹ́ ilé tí wọ́n ń fi iyanrìn àti gbàdúrà kọ́, orí ló ń ṣọ́ ọ.

Èrò tèmi ni pé apá méjèèjì ló lóòótọ́ nínú, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kàn wá gan-an kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni tó ń gbé lájà kẹrin náà ń jẹ ata. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní aago méje alẹ́ kò ní wákàtí kan tó fẹ́ fi na ọjà kiri. Ohun tó bá wà láàárín àtẹ̀gùn téṣàn àti géètì ilé rẹ̀ ló máa rà: ẹ̀fọ́ díẹ̀, tòmátì díẹ̀, búrẹ́dì, ẹja tútù kan. Bí ìsọ̀ wa bá wà lójú ọ̀nà yẹn, a jẹ́ pé ilé gogoro ti sọ wá dọlọ́rọ̀. Bó bá jẹ́ ògiri ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti lé wa lọ sẹ́yìn odi, kí ogún ìdílé di igba, kò kàn wá. Nítorí náà, kì í ṣe bí ilé ṣe ga tó ló yẹ ká máa bá wọn fà, bí kò ṣe ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ojú wa sì ti rí i rí. Ní 1955, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ní ó dọ̀tí, ó há. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Súrùlérè. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1961. Ohun tó rí ni pé ilé tuntun dára lóòótọ́, àmọ́ àwọn ìyá tó ń tajà kò rí oníbàárà wọn mọ́. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ẹni tó ti ń dá bùkátà ara rẹ̀ gbé wá di ẹni tó ń wo ọwọ́ ọkọ. Ilé dára, ọjà ò sí.

Èyí tó sún mọ́ wa ni Tẹ́júoṣó. Iná jó o ní December 2007, ìgbà tí wọ́n máa fi tún un kọ́ tí wọ́n sì máa ṣí i, ó ti di 2014. Ọdún mélòó nìyẹn? Ilé náà rẹwà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò rẹwà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló kígbe pé owó ṣọ́ọ̀bù tuntun kọjá ohun tí apá àwọn ká. Ní Òṣòdì, January 2016 ni wọ́n wó ọjà Owónífáàrí, tí wọ́n ní káwọn oníṣòwò máa lọ sí Ìsọ̀pakòdowó. Ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n kọ́ sí Òṣòdì ṣí ní 2019. Èrò ń wọ́ níbẹ̀ títí di òní, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó fi ojú ara wọn rí ìwólulẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti tajà fún wọn.

Kí wá ni òfin sọ? Ẹ fara balẹ̀ síbí o. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí wọ́n san owó ohun tí èèyàn kọ́ tàbí gbìn sórí ilẹ̀ náà. Kò sí ibi tó ti sọ pé kí wọ́n san owó oníbàárà tí ẹ ti fi ogún ọdún kó jọ. Bó bá sì jẹ́ ìdílé ló fi ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ fúláàtì, àárín àwọn méjèèjì ni àdéhùn wà, ẹni kẹta ni ẹ jẹ́.

Ohun tí ayálégbé ní kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 lórí ilé àti ṣọ́ọ̀bù sọ pé bí kò bá sí àdéhùn míì, ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba nótíìsì oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san án lóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba ti oṣù kan. Òfin yẹn kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà, àmọ́ ó kan Yábà àti Ẹ̀búté-Mẹ́tà. Àwọn kan nínú wa ti kó ẹrù jáde láàárín ọjọ́ méje torí ajẹ́ńtì jágbe mọ́ wọn. Ẹni tó ń san owó ọdún, tí wọ́n bá fún ní ọjọ́ méje, kó gba ìwé náà, kó má fà á ya, kó wá lọ́yà lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àkókò. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPPPA, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. LASBCA ló ń yẹ iṣẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí pílánì ló yẹ ká ti sọ̀rọ̀. Bí katapílà bá ti dé, ariwo lásán ló kù. Ká lọ bá ìdílé tó nilẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ká ní kí ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, kì í ṣe gbọ̀ngàn ńlá kan tí ilé ìfowópamọ́ nìkan lè gbà. Kí àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀, kí iye owó sì wà nínú àgírímẹ́ǹtì, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí wọ́n sọ ibi tá a máa lò fún ọdún méjì tí iṣẹ́ fi ń lọ. Ẹ tún béèrè ilé ìyàgbẹ́ o, torí ọjà mélòó ni ẹ mọ̀ tó ní? Àwọn tó ń gbé Jákàńdè Ẹ́sítéètì ti fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe: fèrèsé ilé ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ di ṣọ́ọ̀bù, tí aládùúgbò sì ń rà á níbẹ̀ láìjáde sí títì.

A kò lè béèrè nǹkan wọ̀nyí bí a kò bá mọ iye wa. Ní báyìí, bí ẹnì kan bá bi wá pé ìyá mélòó ló ń pàtẹ láti ẹnu téṣàn dé ìkóríta, a ò ní lè dáhùn. Nítorí náà ni akọ̀wé fi fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ìsọ̀, tó fi mọ́ àwọn tó ń fi agbòòrùn pàtẹ àti àwọn ọmọge tó ń kiri. Ẹ mú rísíìtì owó ìsọ̀ wá, ti lánlọ́ọ̀dù tàbí ti káńsù, bó ti wù kó gbó tó. Ẹni tí kò bá ní rísíìtì, kó mú ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ dání láti ṣe ẹlẹ́rìí.