Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Àtìgbàdégbà Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù

1. Ìfáárà

Bí a bá yẹ àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá wò, a ó rí i pé orúkọ ohun ni ó gba ipò iwájú nínú wọn: orúkọ ẹ̀yà ara, orúkọ kòkòrò, orúkọ ohun èlò. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń júwe iṣẹ́ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àlàfo yìí a máa hàn gbangba nígbà tí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ti ń tọ́jú ọkọ̀. Ó mọ ohun tí à ń pe ẹ́ńjìnnì, táyà àti bátìrì; ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́kọ̀ yóò ṣe sí wọn, ìgbà tí yóò ṣe é, àti àmì tí yóò fi mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kò rọrùn fún un láti sọ.

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ni a fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Ọkọ̀ àgbẹ̀ ni, ọkọ̀ oníṣòwò ni, ọkọ̀ bíríkìlà ni pẹ̀lú. Peugeot 504 alákẹ́rù ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Toyota Hilux náà sì wọ́pọ̀ lónìí. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó ń bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá kì í sábà sí ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ni ọlọ́kọ̀ àti mẹkáníìkì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí orúkọ bá ṣì wọ́n lọ́nà, ohun tí kò yẹ ni wọn yóò dà sínú ọkọ̀.

2. Àtúnṣe, ìtọ́jú àti sáfíìsì

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kì í ṣe ọ̀kan náà. Àtúnṣe ni iṣẹ́ tí à ń ṣe lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Ìtọ́jú ni èyí tí à ń ṣe kí ó má baà bàjẹ́. Sáfíìsì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti ń lò ó, kò ju pípààrọ̀ ọ́ìlì àti asẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá wí pé òun ti ṣe sáfíìsì lè má tíì fojú kan bíréèkì rẹ̀ rárá.

A dábàá pé kí a lo ìtọ́jú àtìgbàdégbà fún gbogbo iṣẹ́ tí a dá ìgbà tàbí iye kìlómítà fún, kí a sì lo ìtọ́jú adènà-ìbàjẹ́ nígbà tí ó bá jẹ́ èrèdí iṣẹ́ náà ni a fẹ́ tẹnu mọ́. Èrò náà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn àgbà ti wí pé kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

3. Ìṣòro tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà "ọ́ìlì"

Èdè ojoojúmọ́ ti ṣe ìyàtọ̀ kan tí ó wúlò púpọ̀. Epo ni ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ọ́ìlì ni ohun tí ń mú kí irin máa yọ̀ lára irin. Kí a má ṣe da ìyàtọ̀ yìí rú.

Ibi tí ewu wà ni pé ní ilé mẹkáníìkì, ọ́ìlì ni a tún ń pe ohun olómi tí ń bẹ nínú bíréèkì. Ẹni tí ó gbọ́ "ọ́ìlì bíréèkì" lè rò pé bí èyí tí ó wà fún bíréèkì bá tán, òun lè fi ti ẹ́ńjìnnì dí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ara epo rọ̀bì ni a ti ń rí ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá kan àwọn róbà tí ń dí ojú ihò nínú bíréèkì, wọn yóò wú, wọn yóò sì bàjẹ́, bíréèkì yóò sì kọ iṣẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn èròjà tí à ń pè ní glycol ni a fi ṣe ohun olómi bíréèkì. Ó a máa fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí a kọ DOT 3 sí lára kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205°C nígbà tí ó bá wà ní titun. Bí ó bá ti fa omi dé ìwọ̀n tí a fi ń dán an wò, 140°C péré ni òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro ti píkọ́ọ̀pù tí ó ru sìmẹ́ńtì tí ó sì ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn. Bíréèkì yóò gbóná, omi inú rẹ̀ yóò di oruku. Oruku ṣeé fún pọ̀. Nítorí náà ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò rì wọlẹ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì, bí kò tilẹ̀ dín.

Orúkọ wo ni kí a wá fún un? "Omi bíréèkì" kò dára, nítorí ẹnìkan lè lọ bu omi sí i. A dábàá oje bíréèkì. Oje kì í ṣe omi, kì í sì í ṣe epo. Igi kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní oje tirẹ̀, ti ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.

4. Fífi kún àti pípààrọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá mọ́lẹ̀ kedere níhìn-ín, ó kù kí a lò wọ́n bí ó ti tọ́. Láti yẹ ọ́ìlì wò, a ó gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, a ó pa á, a ó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a ó yọ ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì, a ó nù ún, a ó tì í bọ̀ ọ́, a ó sì tún yọ ọ́ wò. Ó yẹ kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Bí ó bá dín, a ó fi kún un. Ṣùgbọ́n fífi kún kì í ṣe pípààrọ̀: ìdọ̀tí àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Kí a má ṣe wa ọkọ̀ náà mọ́ títí mẹkáníìkì yóò fi rí i.

Asẹ́ ni a yàn fún ohun tí ń gba ìdọ̀tí sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ asẹ́ ìyá ológì náà ni ó ń ṣe. A ó ní asẹ́ ọ́ìlì, asẹ́ epo àti asẹ́ atẹ́gùn. Nígbà ọyẹ́, àti lójú ọ̀nà eléruku, ó yẹ kí a yẹ asẹ́ atẹ́gùn wò ṣáájú àkókò tí ìwé dá.

5. Rédíétọ̀, táyà àti sípíríǹgì

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ó jẹ wá lógún jù nípa rédíétọ̀: a kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná, nítorí omi tí a há mọ́ inú rẹ̀ lè tú jáde kí ó sì bó ènìyàn.

Fún táyà, a dábàá ìtẹ̀ atẹ́gùn. Nígbà tí táyà bá tutù ni à ń wọ̀n ọ́n. Ìtẹ̀ táyà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí ó ru ẹrù sábà máa ń ju ti èyí tí kò ru nǹkan lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ bá ti wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra táyà tòkunbọ̀ ní láti wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àkọlé DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Sípíríǹgì onípẹlẹbẹ ni kí a pe irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí a lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára sípíríǹgì oníwáyà. Kí a máa wò ó bóyá ó ti sán, kí a sì máa mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le.

6. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Fún irú iṣẹ́ tí a gbé yẹ̀wò yìí, ìlànà mẹ́ta ni a fi lélẹ̀. Èkíní, ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ ń lò ni kí a kọ́kọ́ gbà. Èkejì, bí ọ̀rọ̀ náà bá lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ibi tí ó ti ń ṣini lọ́nà nìkan ni kí a pààrọ̀. Ẹ̀kẹta, kí a fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú gbólóhùn àṣẹ, kí a kà á sí etí ẹni tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì bi í léèrè ohun tí yóò ṣe. Bí ó bá na ọwọ́ sí agolo tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ wa ni ó yẹ kí á tún ṣe.