Fáàfù Ọkọ̀ Akẹ́rù: Èyí Tí Kò Pariwo Ni Kí Ẹ Fura Sí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ agbègbè Tchaourou, ẹ mọ̀ pé kí iṣu ta nínú oko nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ dé ọjà. Ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ìlú yín kọjá láyé àtijọ́ kì í ru ẹrù yín mọ́, nítorí náà ọ̀nà ọ̀dà ni iṣu, gbágùúdá, àgbàdo àti kaṣú ń gbà lọ. Parakou kò jìnnà púpọ̀, ṣùgbọ́n láti Tchaourou dé Kútọnu lé ní 300 kilómítà. Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, tí wọ́n fi tapólì bo iṣu mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, ọjọ́ díẹ̀ ti tó láti sọ èrè di gbèsè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wa dàgbà ju àwọn tó ń wà wọ́n lọ. Ẹ wo Mercedes 911 tí àwọn ará Jámánì ṣe. Ẹ́ńjìnnì OM 352 tó wà nínú rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ẹni tó bá ní sípánà àti sùúrù lè tún un ṣe, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ dáwó ra ọkọ̀ àlòkù, tàbí tí ẹ ti ní ọ̀kan, ọ̀rọ̀ fáàfù kàn yín.

Kí ni fáàfù? Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè é ní soupape. Ó dà bí olú tí a dorí rẹ̀ kodò: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní orí pẹlẹbẹ. Ilẹ̀kùn ni. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà OM 352 ní méjì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, ọ̀kan fún èéfín tó ń jáde. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Písítìnnì ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an, tí epo bá sì ti tú sí i, á gbiná. Bí ilẹ̀kùn kan bá ń jò, afẹ́fẹ́ kò ní gbóná tó. Ọkọ̀ yóò ṣòro láti ṣí ní òwúrọ̀ ọyẹ́, yóò máa tú èéfín funfun, kò sì ní lágbára láti gun òkè.

Láàárín ìdí ọ̀pá fáàfù àti irin rọ́kà tó ń tẹ̀ ẹ́, àlàfo kékeré gbọ́dọ̀ wà, nítorí pé irin máa ń gùn sí i bí ó bá gbóná. Fún OM 352 tó ti tutù, àlàfo náà jẹ́ 0.20 mm fún fáàfù afẹ́fẹ́ àti 0.30 mm fún ti èéfín. Ti èéfín fẹ̀ jù nítorí pé òun ló ń gbóná jù. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ wò ó nínú ìwé ọkọ̀, ẹ má fojú díwọ̀n.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, fáàfù yóò máa ké ta-ta-ta. Awakọ̀ á ní kí mẹkáníìkì mú un dákẹ́. Mẹkáníìkì tó fẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn á fún un mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́, inú gbogbo wọn á dùn. Ṣùgbọ́n fáàfù tí a fún jù kò lè padé tán. Iná á máa gba etí rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí fáàfù bá jókòó dáadáa sórí ìjókòó rẹ̀ ló ń gbé ooru ara rẹ̀ fún orí ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù. Bí kò bá jókòó, kò ní tutù, etí rẹ̀ á sì jó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, fáàfù lè rì sínú ìjókòó rẹ̀, kí àlàfo sì dín kù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì tó ti ń ké díẹ̀ bá ṣàdédé dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ ṣe é, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ yọ okùn bátìrì, kí jíà má sì wọlé. Ẹ nu eruku orí ẹ́ńjìnnì kúrò kí ẹ tó tú ìdérí rẹ̀. Ẹ fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí fáàfù méjèèjì sílíńdà 6 bá ń mì, tí ọ̀kan ń padé tí èkejì ń ṣí, ti sílíńdà 1 ti padé pátápátá. Ti 1 ni kí ẹ wọ̀n nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni 5 àti 2 ṣe jẹ́ ìbejì, àti 3 àti 4. Irin pẹlẹbẹ onídiwọ̀n gbọ́dọ̀ wọlé kí ó sì máa fà díẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì, ẹ tún un wọ̀n, nítorí pé dídè náà máa ń yí i padà.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tí ọkọ̀ kò sì tíì lágbára, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Kí mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà fún afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà láti ojú ihò tí epo ń gbà tú sí i, nígbà tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì padé. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sú níbi páìpù èéfín, fáàfù èéfín ló ń jò. Bí ó bá ń sú níbi àsẹ́ afẹ́fẹ́, ti afẹ́fẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ojú ihò òróró ẹ́ńjìnnì, ẹ̀bi fáàfù kọ́, rín-ìnnì písítìnnì ni. Kí gbogbo ènìyàn jìnnà sí fáànù nígbà náà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì lè ṣàdédé yí.

Àsẹ́ afẹ́fẹ́ náà ṣe pàtàkì. Eruku pupa ọ̀nà oko wa dà bí iyanrìn tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa fọ̀ ọ́ léraléra, kí ẹ sì pààrọ̀ òróró inú àwo rẹ̀.

Ẹ ti ọkọ̀ síta kí ẹ tó ṣí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, kéde pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Òróró ẹ́ńjìnnì tí a ti lò náà kò dára fún ara: ẹ má fi pa egbò, ẹ má sì dà á sẹ́bàá kànga tàbí odò. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dé e, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.