Ẹjọ́ Omi Lẹ́nu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bí agogo ilé gogoro Micalet bá ti lù 12 lọ́sàn-án, àgbẹ̀ mẹ́jọ tó jẹ́ adájọ́ omi, tí wọ́n wọ ẹ̀wù dúdú, á jókòó yípo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ìlú Valencia, ní Sípéènì. Akọ́dà tó mú ọ̀pá onídẹ lọ́wọ́ á wá kígbe pe àwọn tí wọ́n fẹjọ́ wọn sùn, láti ọ̀nà omi kan dé èkejì: Quart, Mislata, Favara, títí yóò fi pe mẹ́jọ̀ọ̀jọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tí í dáhùn. Ìjókòó á tú kíákíá, àwọn àlejò tó ń ya fọ́tò á sì rò pé eré ni wọ́n wò. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi níbẹ̀ kò ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kankan tó máa sá lọ.

Omi odò Túria tí àwọn ọ̀nà omi wọ̀nyí ń gbé lọ sí oko ni wọ́n ń ṣẹjọ́ lé lórí, ìlànà pípín rẹ̀ sì ti wà láti ayé àwọn Mùsùlùmí tó ṣàkóso Valencia. Ọdún 960 ni wọ́n máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹjọ́ náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àjọ̀dún ẹgbẹ̀rún ọdún rẹ̀ ní 1960. Nígbà tí Ọba Jaume Kìíní ṣẹ́gun Valencia ní 1238, kò da ètò náà rú. Lọ́dún kejì, ó fi ọ̀nà omi lé àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́, ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é láyé àwọn Mùsùlùmí ni kí wọ́n máa ṣe é lọ. Orí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sí. Àwọn ará ìlú ní torí pé Mùsùlùmí kò lè wọlé ni ilé-ẹjọ́ náà ṣe ń jókòó síta. Ìtàn ẹnu ni o.

Wọn kì í wọn omi ní gálọ́ọ̀nù. Ìdá ni wọ́n ń pín: bí odò bá kún, ti gbogbo wọn á kún, bó bá fà, ti gbogbo wọn á fà. Ẹjọ́ máa ń dé bí ẹnìkan bá ṣí ilẹ̀kùn omi nígbà tí kò tíì kàn án, tàbí tó jẹ́ kí omi rẹ̀ ya wọ oko aládùúgbò. Kò sí lọ́yà. Èdè Valencia ni wọ́n ń sọ, ẹsẹ̀ ni alága sì fi ń tọ́ka sí ẹni tó kàn láti sọ̀rọ̀. Ohun tó wù mí jù ni pé adájọ́ tí ẹjọ́ ti ọ̀nà omi tirẹ̀ wá kò gbọdọ̀ dá sí i. Àwọn adájọ́ tí ọ̀nà omi wọn wà ní òdìkejì odò ló ń dábàá ìdájọ́.

Wọ́n fẹ́ pa ilé-ẹjọ́ náà rẹ́ rí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin Cádiz ń fòpin sí àwọn kóòtù àkànṣe ní nǹkan bíi 1812, Borrull, aṣòfin kan tó jẹ́ ọmọ Valencia, ló gbèjà rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Sípéènì ti 1978 fọwọ́ sí irú kóòtù ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀, UNESCO náà sì kà á mọ́ ohun àjogúnbá ní 2009. Ọdún 2011 ni obìnrin kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ níbẹ̀.

Ọ̀fíọ̀ tí wọ́n ń kiri lọ́jà wa wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ Valencia ń gbìn. Wọ́n ń fi ṣe ohun mímu tútù tí wọ́n ń pè ní orxata. Ṣùgbọ́n ilé ń jẹ oko lọ. Ọ̀nà omi Rovella ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ìlú tán, síbẹ̀ akọ́dà ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀.