Ògbufọ̀ Ìperí Ìṣirò-Owó àti Owó-Orí láti Èdè Lárúbáwá sí Gẹ̀ẹ́sì: Àpẹẹrẹ Àbújá

Iṣẹ́ ògbufọ̀ kò mọ sórí ìtàn àròsọ àti ewì nìkan. Ní Àbújá, níbi tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, Àjọ Amójútó Gbèsè àti ilé-iṣẹ́ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ fìdí kalẹ̀ sí, ìperí Lárúbáwá ti wọ inú àkọsílẹ̀ ìjọba pẹ̀lú ètò báńkì tí kì í gba èlé. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè òfin wa. Nítorí náà, ìperí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá kí adájọ́, olùṣirò-owó àti agbowó-orí tó lè lò ó. Orúkọ tí onítumọ̀ bá fún òwò kan lè pinnu iye owó-orí tí olówò yóò san.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Lugard gbé òfin owó-orí kalẹ̀ fún Àríwá Nàìjíríà ní 1904 àti 1906, oríṣiríṣi owó ni ó bá nílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ́míà: "zakka" lórí ọkà, "jangali" lórí màlúù, àti àwọn mìíràn. "Tithe", ìyẹn ìdámẹ́wàá, ni àwọn òyìnbó fi túmọ̀ "zakka". Ìtumọ̀ yìí bá ọkà mu, ṣùgbọ́n ọkà tí òjò bomi rin nìkan ni. Bí ó bá jẹ́ pé àgbẹ̀ ni ó fi agbára ara rẹ̀ bomi rin ín, ìdá kan nínú ogún ni sàká rẹ̀. Ti owó àti wúrà jẹ́ ìdá kan nínú ogójì. Ẹni tí ó ní ọgbọ̀n màlúù yóò yọ ọ̀dọ́ màlúù kan. Gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni "tithe" bò mọ́lẹ̀. Yorùbá kò kó sínú ọ̀fìn yìí ní tirẹ̀: ó yá "sàká" lò tààrà, ó sì fi "sàráà" sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún ìtọrẹ àtinúwá, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń da méjèèjì pọ̀ sínú "alms".

Àwọn kan tún ń túmọ̀ sàká sí "religious tax". Èyí kò dára tó. Lárúbáwá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún owó-orí ìjọba, ìyẹn "dariba", kò sì fi ọ̀kan pe èkejì. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó ti yọ sàká ṣì jẹ ìjọba ní owó-orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó dà bí èyí tí ó rọrùn jù ni "hawl", tí ó túmọ̀ sí ọdún. Ọdún òṣùpá ni, ọjọ́ 354. Ọdún olùṣirò-owó sì jẹ́ ọjọ́ 365. Àjọ AAOIFI ní Bahrain, tí ń gbé ìlànà ìṣirò-owó kalẹ̀ fún irú àwọn báńkì yìí, rí ìyàtọ̀ náà: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni sàká fún ọdún òṣùpá, 2.5775 fún ọdún oòrùn. Lórí ₦1 bílíọ̀nù, ìyàtọ̀ náà tó ₦775,000. Onítumọ̀ tí ó bá kọ "year" lásán ti pa owó yẹn rẹ́.

Orúkọ báńkì náà pàápàá gba àròjinlẹ̀. Abala 39 nínú òfin báńkì ti 1991, tí ó wà títí di 2020, kò gbà kí báńkì fi ọ̀rọ̀ bí "Islamic" tàbí "Christian" sínú orúkọ rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ Gómìnà Báńkì Àpapọ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn gbóná ní 2011, "non-interest" ni Báńkì Àpapọ̀ lò nínú ìlànà rẹ̀; Jaiz Bank, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Ohun tí kò sí nínú òwò náà ni orúkọ yìí sọ, kò sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò purọ́. "Riba" ni Lárúbáwá pè é, "èlé" ni Yorùbá pè é, Yorùbá kò sì fi mọ sórí owó: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé gbèsè rẹ̀.

Níbi "murabaha" ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Kí á sọ pé oníbàárà fẹ́ ọkọ̀. Báńkì rà á ní ₦8 mílíọ̀nù, ó sì tà á fún un ní ₦10 mílíọ̀nù, tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Bí onítumọ̀ bá pè é ní "sale", ọjà méjì ni agbowó-orí yóò rí, ó sì lè gba owó-orí ọjà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá pè é ní "loan", ₦2 mílíọ̀nù yẹn di èlé, àdéhùn náà sì ti bàjẹ́ lójú àwọn tí ó ṣe é. Ìlànà tí Federal Inland Revenue Service, tí òfin 2025 sọ di Nigeria Revenue Service, gbé jáde ní 2013 gbìyànjú láti rí i pé owó-orí irú òwò bẹ́ẹ̀ kò ju ti báńkì yòókù lọ, kò sì dín sí i. Ọgbọ́n tí ó dára jù ni kí á yá ìperí náà, kí á sì ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. "Cost-plus sale" tí àwọn ìwé ń lò gbàgbé ohun kan: dandan ni kí ẹni tí ń tà sọ iye tí ó rà á àti èrè tí ó fi lé e. "Ìtajà afèrèhàn" ìbá sún mọ́ ọn ní Yorùbá.

"Sukuk" náà kò bọ́. "Islamic bond" ni ọ̀pọ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ bond jẹ́ ìwé gbèsè, sukuk sì jẹ́ ìwé-ẹ̀rí pé ẹnì kan ní ìpín nínú ohun kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti tà á ní 2013 láti fi kọ́ ilé-ìwé. Ní 2017, Àjọ Amójútó Gbèsè ta ti ₦100 bílíọ̀nù fún títì, ọlọ́dún méje, lórí àdéhùn "ijara", ìyẹn ìháyà. "Rental" ni wọ́n pe ìdá 16.47 tí àwọn tí ó rà á gbà lọ́dọọdún, wọn kò pè é ní "interest".

Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò-owó ní èdè tirẹ̀. Láti 2019, ìlànà àgbáyé IFRS 16 ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá háyà ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi gbèsè, kí ó sì yọ èlé sọ́tọ̀ nínú owó ìháyà náà. Bí ó bá jẹ́ lórí ijara ni ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà kan gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ báńkì, ọ̀rọ̀ tí onítumọ̀ yẹ̀ sílẹ̀ nínú àdéhùn, "interest", ni olùṣirò-owó yóò tún bá pàdé nínú ìlànà tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.