Kí ló dé tí ẹja ńlá kì í gbé inú omi kékeré?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo kòtò omi tó wà lẹ́bàá oko yín nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni ẹ rí níbẹ̀? Ẹ ó rí ọ̀pọ̀lọ́, kòkòrò omi àti ìdin ẹ̀fọn. Bí ẹja bá wà níbẹ̀, àrọ̀ kéékèèké díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí odò Wẹ̀mẹ̀, ẹ ó rí ẹpìyà, obòkún, àrọ̀ tó sanra, àti ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja bíi tirẹ̀. Òjò kan náà ló rọ̀ sí kòtò, òun náà ló rọ̀ sí odò. Kí ló wá fa ìyàtọ̀?

TA NI Ń JẸ TA NÍNÚ OMI?

Ohun gbogbo tó ń gbé inú omi ló ní ohun tó ń jẹ. Ọbẹ̀dò ni ìpìlẹ̀. Ọbẹ̀dò ni ohun tútù tó ń mú kí omi ní àwọ̀ ewé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ti ń ṣe lóko. Kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú wa kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ń jẹ ọbẹ̀dò. Ẹja kékeré ń jẹ kòkòrò náà. Ẹja ńlá ń jẹ ẹja kékeré. Lẹ́yìn náà, ọ̀nì, ẹyẹ àti àwa ènìyàn ń jẹ ẹja ńlá. Ó dà bí àkàsọ̀: ẹnì kan wà lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ń dín kù bí a ti ń gun àkàsọ̀ yìí. Nínú ohun tí ẹja kan jẹ, díẹ̀ ló ń di ẹran ara rẹ̀. Ó fi ìyókù lúwẹ̀ẹ́, ó fi mí, ó sì yà lára rẹ̀ sóde. Àwọn onímọ̀ máa ń ṣírò pé bí ìdámẹ́wàá ló ń kọjá sí ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀:

Ọbẹ̀dò kílò 1 000 yóò fún wa ní kòkòrò omi kílò 100.
Kòkòrò omi kílò 100 yóò fún wa ní ẹja kékeré kílò 10.
Ẹja kékeré kílò 10 yóò fún wa ní ẹja ńlá kílò 1.

Ẹ rí i pé ẹja ńlá kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń bọ́ ọ.

OMI ŃLÁ, ÀKÀSỌ̀ GÍGÙN

Nínú kòtò kékeré, bí ẹja apanijẹ kan bá jẹ gbogbo ẹja kéékèèké tán, ebi yóò pa òun náà. Nínú omi ńlá, ẹja kéékèèké rí ibi sá sí: inú koríko, ibú, abẹ́ igi tó wó sómi. Wọ́n á bímọ, ẹja ńlá á sì tún rí jẹ lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde lórí adágún 25 ní àríwá Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé bí adágún bá ti tóbi tó ni àkàsọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń gùn tó. Kì í ṣe omi tí ọbẹ̀dò pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni àkàsọ̀ rẹ̀ gùn jù. Omi tó gbòòrò ni.

ÒJÒ ÀTI OÒRÙN LÓ Ń WỌN OMI

Nílẹ̀ wa, omi kì í dúró bákan náà. Odò Wẹ̀mẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómẹ́tà 510. Òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, ló ń mú kí ó kún bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Nígbà náà, omi di ńlá. Ẹja jáde sí pápá, wọ́n yé ẹyin, àwọn ọmọ wọn sì ń jẹ kòkòrò inú koríko. Bí omi bá ń fà, àwọn kan padà sódò, àwọn mìíràn há sínú àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní wẹ̀dò. Ọdún tí omi kò bá kún dáadáa, ẹja tó máa há síbẹ̀ kì í pọ̀.

Ní adágún Nokoué lẹ́bàá Kútọnù, ìgbà òjò ni omi dídùn ń kún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n là ní 1885 wọlé. Nígbà náà ni ẹja tí kò fẹ́ iyọ̀ ń sá, tí ẹja òkun sì ń wọlé.

Oòrùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Omi gbígbóná kì í lè gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni ẹja tó wà nínú omi gbígbóná ń fẹ́ oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ sí i. Omi kékeré ló ń tètè gbóná, òun náà ló ń tètè gbẹ. Ẹja ńlá ló ń kọ́kọ́ lọ. Àrọ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀, nítorí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè.

Ẹ wo adágún Ṣáàdì. Ní nǹkan bí ọdún 1963, ó fẹ̀ tó kìlómẹ́tà onígun mẹ́rin 25 000. Ọ̀dá dé ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Láàárín àwọn ọdún 1980, kò tó 2 000 mọ́. Ẹja tó ń fẹ́ omi gbòòrò dín kù gidigidi. Àrọ̀ àti àwọn ẹja tó lè gbé inú ẹrẹ̀ ló gba ipò wọn. Omi náà ti pọ̀ sí i látìgbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì rí bíi ti tẹ́lẹ̀.

KÍ NI ÈYÍ FI KÀN WÁ?

Àwọn kan máa ń sọ pé: «Bí èmi kò bá kó ọmọ ẹja, ẹlòmíràn yóò kó o.» Wọ́n á wá fi àwọ̀n ẹ̀fọn wọ́ odò. Ọmọ ẹja tí wọ́n kó lónìí ni ẹja ńlá ti ọdún tó ń bọ̀, òun náà sì ni oúnjẹ ẹja ńlá tó kù. Oògùn tó wà lára àwọ̀n ẹ̀fọn náà ń pa kòkòrò omi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ má fi oògùn òwú tàbí oògùn kòkòrò pẹja. Ó ń pa gbogbo àkàsọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó sì lè pa ẹni tó bá jẹ ẹja náà.

Ẹ má ro oko dé ẹnu odò. Òjò á gbá ilẹ̀ sínú omi, ibú á di òkìtì, omi ńlá á di kékeré. Ẹ fi igi sílẹ̀ létí odò: òjìji rẹ̀ ń mú omi tutù, ewé àti kòkòrò tó ń já bọ́ ń di oúnjẹ ẹja.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi ibi tó jìn jù sílẹ̀, ẹ má gbọ́n ọn gbẹ. Ibẹ̀ ni irúgbìn ẹja ọdún tó ń bọ̀ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja nínú adágún kékeré, kó sin ẹpìyà. Ẹpìyà ń jẹ ọbẹ̀dò fúnra rẹ̀, nítorí náà àkàsọ̀ rẹ̀ kúrú, ẹran rẹ̀ á sì pọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ ń mú kí ọbẹ̀dò hù. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ń la ẹnu lójú omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́, afẹ́fẹ́ ti tán nínú omi: ẹ dá ìgbẹ́ dúró, ẹ da omi tuntun sí i.

Ẹ tún rántí ẹ̀fọn. Omi tó ń gbẹ tó tún ń kún kì í sábà ní ẹja púpọ̀, nítorí náà kò sí ohun tó pọ̀ tó ń jẹ ìdin ẹ̀fọn níbẹ̀. Ẹ dí kòtò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé, kí ibà má bàa pọ̀ nínú ilé.

Omi kò lọ́tàá, ni àwọn àgbà wí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa di ọ̀tá omi.

Ẹ JẸ́ KÁ JÍRÒRÒ

1. Ẹja wo ni àwọn bàbá wa ń pa ní odò wa, tí a kò rí mọ́?
2. Ibo ni omi ti jìn jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ta ni yóò ṣọ́ ọ?
3. Òfin wo ni abúlé wa lè ṣe lórí àwọ̀n ẹ̀fọn àti oògùn?