Ìwé Kíkà tí A Kò Yàn: Àṣàrò Lẹ́ńtì nínú Ìjọ Àgùdà ní Kàdúná

Ìfáárà

Lára àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ ìsìn tí àwọn onímọ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ni àṣàrò ojoojúmọ́ tí àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà máa ń ṣe lórí ìwé kíkà Míísà ní àsìkò Lẹ́ńtì. Iṣẹ́ ti pọ̀ lórí orin ìsìn, ó sì ti wà lórí ìwàásù àti lórí eré oníṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n àṣàrò kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í pẹ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fojú fò ó.

Ọ̀rọ̀ náà ṣeé tú palẹ̀ sí à-ṣà-rò, èyíinì ni ohun tí a ṣà tí a sì rò. Ìtúpalẹ̀ yìí bá iṣẹ́ náà mu púpọ̀. Ìwàásù jẹ́ ti àlùfáà tàbí díákónì, ní iwájú gbogbo ìjọ, a sì máa gbìyànjú láti so ìwé kíkà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ti àṣàrò, baba, ìyá, katikísì tàbí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é ní ìyẹ̀wù. Kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan tàbí ìṣe kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣà nínú ohun tí a kà. Ní ọ̀rúndún kejìlá, mọ́ǹkì kan ní ilẹ̀ Faransé, Guigo Kejì, ti to irú kíkà báyìí sí ìpele mẹ́rin: kíkà, àṣàrò, àdúrà, àti ìdákẹ́jẹ́ níwájú Ọlọ́run. Ìpele kejì ni èdè ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ.

Ohun tí ó ya àṣàrò Lẹ́ńtì sọ́tọ̀ ni pé ẹni tí ó ń ṣe é kì í yan ìwé tí yóò kà. Ọjọ́ ni ó ń mú ìwé wá. Ní ìlú Kàdúná, níbi tí ọjọ́ ti máa ń ba ènìyàn ní ipò tí kò retí, àìláṣàyàn yìí ni ó ń fún àṣàrò ní agbára, òun náà ni ó sì ń mú un nira.

Ètò ìwé kíkà

Kí Ìpàdé Àpapọ̀ Fatikáànì Kejì (1962–1965) tó wáyé, èdè Látìn ni a fi ń ṣe Míísà. Ìwé lórí ìsìn tí ìpàdé náà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963 ni ó gba èdè ìbílẹ̀ láàyè, òun náà ni ó sì pàṣẹ pé kí a ṣí Bíbélì payá fún àwọn ọmọ ìjọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ètò ìwé kíkà tuntun jáde ní 1969, a sì tún un tẹ̀ ní 1981. Nínú ètò náà, ọdún mẹ́ta ni ìwé kíkà ọjọ́ Ìsinmi fi ń yípo. Ti àárín ọ̀sẹ̀ Lẹ́ńtì kì í yípo rárá: ohun tí a kà ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kìíní lọ́dún tó kọjá ni a ó tún kà lọ́dún yìí, bí ayé bá yí, bí kò yí. Ọdún ńlá nìkan ni ó lè dí i lọ́wọ́, bí irú ti Jósẹ́fù Mímọ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Kàtídírà Kàdúná.

Ẹni tí ó bá mọ Ifá yóò rí ohun tí ó jọ èyí. Ẹni tí ó wá dá Ifá kò lè yan odù tí yóò jáde. Odù tí ó bá hù ni babaláwo yóò máa kì, títí tí ẹni tí ó wá yóò fi mọ èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò kéré o: ẹnì kan ni odù hù fún, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń kà ní Róòmù, ní Ìbàdàn àti ní Kàdúná. Síbẹ̀ iṣẹ́ olùgbọ́ jọra. Òun ni yóò wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan òun.

Ọ̀rọ̀ inú àṣàrò

Ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ ìjọba ni ó kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ sí Kàdúná, láti ìgbà tí Lugard ti fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá dípò Zungeru. Iṣẹ́ òwò àti ilé-iṣẹ́ aṣọ híhun kó àwọn mìíràn wá lẹ́yìn náà. Nígbà tí Kàdúná di àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní 1959, ìlú elédè púpọ̀ ni. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ni ó gbilẹ̀ jù nínú ìsìn, ilé sì ni Yorùbá ti ń rí àyè. Ìdí nìyí tí àṣàrò inú ilé fi ṣe pàtàkì fún onímọ̀ èdè: ohun tí a gbọ́ ní èdè kan ni a ń rò ní èdè mìíràn.

Èdè tí a fi ń rò ó náà kì í ṣe ti onígbàgbọ́ nìkan. Àdúrà, ìwàásù, wòlíì àti àlàáfíà, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá sì ti gbà wọ́n. Àlùfáà pàápàá, olórí Mùsùlùmí ni a kọ́kọ́ ń fi pè kí ó tó wọ inú Bíbélì Yorùbá. Ààwẹ̀ kan náà ni Lẹ́ńtì àti Ràmàdáánì ń jẹ́ lẹ́nu Yorùbá, bí azumi ti rí lẹ́nu Hausa. Sàráà ni ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ń yẹra fún tí wọ́n sì ń pè ní ìtọrẹ àánú. Ní ọdún 2025, Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Ọjọ́rú Eérú sì bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù kan náà. Ìhìnrere Ọjọ́rú Eérú, nínú Máttéù orí kẹfà, dá lórí ìtọrẹ, àdúrà àti ààwẹ̀ tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ó ṣòro kí ẹni tí ó ń gbé Kàdúná ṣe àṣàrò lórí nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí kí ó má rántí aládùúgbò tí ó ti jí sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó yẹ fún àkíyèsí ni ronúpìwàdà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó dúró fún kò kọjá ìyípadà inú. Yorùbá fi ìwà kún un: a ro inú, a sì pa ìwà dà. Ẹni tí inú rẹ̀ yí padà tí ìwà rẹ̀ dúró síbi tí ó wà kò tíì ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ. Àṣàrò tí ó mọ èyí kò nílò àlàyé gígùn lórí wòlíì Jóẹ́lì, tí ó ní ọkàn ni kí a fà ya, kí a fi aṣọ sílẹ̀.

Òwe ni ewu tí ó wà níbẹ̀. Ó rọrùn láti gbọ́ eérú kí a sì sáré pa òwe pé ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ó dùn, àwọn olùgbọ́ yóò sì mi orí. Ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn ni eérú inú òwe yìí ń wá. Eérú Ọjọ́rú, tí a rí nípa jíjó ìmọ̀ ọ̀pẹ ọdún tó kọjá, orí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ bà lé. Ọ̀pọ̀ àṣàrò tí ó ń bàjẹ́, ibi báyìí ni ó ti ń bàjẹ́: òwe gba ipò ìwé kíkà.

Ìwé kíkà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ Kàdúná

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé Ọjọ́rú Eérú, Aísáyà orí 58 ni a máa ń kà. Wòlíì náà ń bá àwọn tí ó gbààwẹ̀ wí pé ní ọjọ́ ààwẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Ní Ìbàdàn, a lè fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere lásán. Ní Kàkúrí, ó ní ojú àti orúkọ. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles Limited bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950, ó sì ti ilẹ̀kùn ní 2002. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń retí ẹ̀tọ́ wọn. Ẹni tí ó ń retí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ Aísáyà fún òun.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó le jù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2000, rògbòdìyàn lórí òfin Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kú, ní ìhà ti Kìrìsìtẹ́nì àti ní ti Mùsùlùmí. A jó ṣọ́ọ̀ṣì, a jó mọ́ṣáláṣí, a jó ilé àti ìsọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì kó lọ sí gúúsù odò, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì kó lọ sí àríwá rẹ̀, tí odò tí ó fún ìlú ní orúkọ wá di ààlà inú rẹ̀. Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré lẹ́yìn ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ sọ. Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta bọ́ sí ọjọ́ 28.

Ìwé kíkà kìíní ọjọ́ náà ni àdúrà Asaráyà láàrin iná, nínú Dáníẹ́lì orí kẹta. Asaráyà ń ṣọ̀fọ̀ pé àwọn kò ní olórí, àwọn kò ní wòlíì, kò sí ẹbọ, kò sí ibi tí àwọn lè rú u sí. Ọkàn tí ó gbọgbẹ́ nìkan ni ó kù tí àwọn lè mú wá. Ìjọ tí ilé ìsìn rẹ̀ ti di eérú ni a kà á sí létí ní ọdún náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ibẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí ó sì wà nínú ilé púpọ̀, kò ní rí i. Nínú Bíbélì náà, ẹsẹ 30 ni orí kẹta Dáníẹ́lì parí sí. Ẹsẹ 34 sí 43 tí Ìjọ Àgùdà ń kà kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni ìtàn Sùsánà ti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nítorí orí méjìlá ni Dáníẹ́lì ní nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní Bíbélì mìíràn gbọ́dọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì, lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí kò sí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí, ó sì yẹ kí àwọn onímọ̀ máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ìhìnrere ọjọ́ kan náà ni Máttéù orí 18, níbi tí Pétérù ti bèèrè iye ìgbà tí ó yẹ kí òun dárí ji arákùnrin òun. Ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Owó tálẹ́ńtì kan tó owó iṣẹ́ ọjọ́ 6,000, nítorí náà gbèsè yìí jẹ́ owó iṣẹ́ 60,000,000 ọjọ́. A fi jì í. Ó jáde, ó sì di ọrùn ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní owó iṣẹ́ 100 ọjọ́ mú.

Ibí ni òwe tún ti ń dúró de aláṣàrò: bí a kò bá gbàgbé ọ̀ràn àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìhìnrere náà sọ. Ìgbàgbé ni òwe ń bèèrè. Ìhìnrere kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ìránṣẹ́ náà ṣìnà nítorí pé ó gbàgbé ohun tí a fi jì í. Bí a bá sọ fún opó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọkọ rẹ̀ pé kí ó gbàgbé, a ti fi kún ẹrù rẹ̀, a kò sì tíì wàásù Kristi. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an sàn ju òwe lọ níhìn-ín. Àforíjì ni fi-orí-jì, jì tí ó sì wà nínú rẹ̀ ni a ń lò fún gbèsè: a fi gbèsè jì í. Ẹni tí a ń fi gbèsè jì mọ iye tí ó jẹ, ẹni tí ó fi jì náà mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tí ó lè fi gbèsè tí a kò kà jini. Àṣàrò tí ó bá gba ọ̀nà yìí lè kọ́kọ́ ka gbèsè náà jáde, kí ó pe òkú ní òkú àti iná ní iná, kí ó tó dé orí àforíjì. Bí olùgbọ́ kò bá tíì lè dé ibẹ̀ lọ́dún yìí, ìwé náà yóò padà wá lọ́dún tí ń bọ̀.

Ó padà wá ní 2020. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, àwọn ajínigbé kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà Good Shepherd ní Kàdúná, wọ́n sì pa ọ̀kan nínú wọn, Michael Nnadi. Ọjọ́ 11 oṣù Kejì ni a sin ín, Bíṣọ́ọ̀bù Matthew Kukah ti Sókótó ni ó wàásù. Ọjọ́rú Eérú jẹ́ ọjọ́ 26. Ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní Lẹ́ńtì, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà wọ́de ní Àbújá láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ìpànìyàn. Kí oṣù náà tó parí, àrùn Kòrónà ti dé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀ láti ọjọ́ 26, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì di títì.

Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún Lẹ́ńtì bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù Kẹta. Ìtàn Lásárù nínú Jòhánù orí 11 ni ìhìnrere rẹ̀: ọkùnrin tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì, àwọn arábìnrin rẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè ìdí tí Olúwa kò fi tètè dé, òkúta tí ó dí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ kẹrin ni òfin náà wà. Kò sí àlùfáà nílé, kò sí pẹpẹ, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ẹni tí ó mọ̀wé kà nínú ilé ni ó ṣí Bíbélì, tí ó kà á, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà nínú rẹ̀.